Oògùn Bánjí Tí A Dà Nù Lẹ́yìn Ìkórè

Ojúlé Kọkànlá,
Àdúgbò Ẹ̀yìn Míṣọ̀n,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èbìbí, ọdún 2025.

Tinúọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí àwọn tó yí ọ ká. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Bàbá Ayọ̀nitèmi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ayọ̀nitèmi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó rí i kẹ́yìn sọ fún mi pé ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, mo sì dáhùn pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí gbogbo wa la mọ ibi tí gíga ìyá rẹ̀ mọ. Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Níbí, ó ti ń rọ̀ dáadáa. Àgbàdo tí mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ti yọ, ewúrẹ́ aládùúgbò wa sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ara èmi le, ara Màmá náà le. Ọ̀rọ̀ Bánjí àbúrò mi ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ ìwé yìí.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí láti ìgbà tí fídíò yẹn ti dé ọ̀dọ̀ yín, tí mo sì ń dá ọ lóhùn ṣókí ṣókí. Má bínú sí mi. Ìwọ náà mọ ara rẹ, Tinú. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán lórí fóònù, wàá ti sọ mẹ́fà, ẹkún á sì ti dé. Ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó gbọ́ ọ dópin. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo fi fún Mọ́láyọ̀ ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ wá sí Ìlọrin lọ́la. Kà á tán kí o tó pè mí. Tí o bá sì kà á tán, gbé e fún Ẹyinjúolúwa àbúrò rẹ kó kà á, nítorí òun ni Bánjí fẹ́ fẹ́, ọjọ́ ìdána sì ti ń sún mọ́lé. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í tú àṣírí ilé rẹ̀ fún àna. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni èmi àti ìwọ ká tó máa múra àtidi àna, mi ò sì fẹ́ kí àbúrò rẹ wọ ilé wa lójú dídì. Tó bá kà á tán tó ní òun ò ṣe mọ́, ó máa dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ fídíò kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò de Bánjí. Okùn tí o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ni àwọn káfíńtà fi ń fa páànù sókè. Ẹni tó ya fídíò náà ló kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti so wèrè mọ́lẹ̀. Bí mo bá mọ ẹni náà, mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí mo fẹ́ bá a sọ. Èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ ni pé orí òrùlé ni Bánjí wà, ọkàn rẹ̀ kò sì sí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

O rántí àìsàn àkọ́kọ́, nígbà tó ṣì wà ní póólì, tó ń gbọ́ ohùn tí àwa kò gbọ́, tí kò sì lè sùn. Àwọn dókítà tọ́jú rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, ọ̀kan lówùúrọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ní kó máa padà wá kí àwọn máa wò ó. Ó ń lò ó, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ìgbà yẹn ló dojú kọ iṣẹ́ káfíńtà gidi, tí òun àti Àkànbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ gba ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń kan òrùlé káàkiri, láti Kuta dé Olúpọ̀nnà. Ìgbà yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Ìlọrin lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń sọ fún wa pé igi ni òun ń rà. Àwa náà ń wò ó, a ń wá igi tó rà, a ò rí i.

Ìkórè ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wọ́. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ìwọ àti Ẹyinjú, ẹ jókòó sí ìlà kẹta lẹ́yìn àwọn akọrin. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé Màmá ló ní kí Bánjí jáde lọ jẹ́rìí. Ṣé o rí i, àwọn èèyàn yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, bó ti yẹ kí ìdílé ṣe kí wọ́n tó fa ọmọ fúnni. Màmá wá rò ó pé bí àwọn àna bá fi etí ara wọn gbọ́ ọ níwájú ìjọ pé Ọlọ́run ti wo Bánjí sàn, ìbéèrè parí nìyẹn. Bánjí jáde, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Gbogbo ìjọ dìde. Ìwọ gan-an sunkún títí tí gèlè rẹ fi wọ́. Èmi náà jó. Mi ò kábàámọ̀ ijó yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kó gbogbo oògùn tó kù sínú ọ̀rá, wọ́n sì sọ ọ́ sínú ṣáláńgá. Wọ́n ní ẹni tó ti dúró níwájú ìjọ pé òun ti sàn, tó tún ń gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀ yàrá, Ọlọ́run ló ń pè ní òpùrọ́ yẹn. Bánjí kò jiyàn rárá. Nígbà tí mo fi ti iléèwé dé, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹnu mi kò sì ká Màmá. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó ronú kan dókítà. A bá Ọlọ́run sọ ọ́, a bá ìjọ sọ ọ́, a bá àwọn àna sọ ọ́, ẹni tó fún un ní oògùn nìkan ni a kò bi.

Ohun tó wá tàn wá ni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bánjí ń jí ní kùtùkùtù, ojú rẹ̀ dá, kò tòògbé mọ́, ó ń bá wa ṣàwàdà nídìí oúnjẹ. Ọdún Kérésì dé, ó ń ṣe dáadáa. Màmá ń wò mí bí ẹni ń sọ pé, ṣé o rí i. Ọjọ́ tó bá yẹ kí Bánjí padà sọ́dọ̀ dókítà, Màmá á ní àwọn tí ara wọn kò yá ni kí wọ́n lọ rí dókítà. Mo ti gbọ́ báyìí pé bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Oògùn náà kì í fi ara sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àìsàn náà kì í sì í padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí i pé oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ó ní kí a máa pa rédíò, nítorí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ mọ orúkọ òun. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, Tinú. Mo sọ fún Màmá pé kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n má fi ẹnu mi pe ohun tí Ọlọ́run ti lé lọ. Inú bí mi sí wọn, mo jáde kúrò nílé láìkí wọn, èyí tí mi ò ṣe rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ohun tí o rí nínú fídíò yẹn ṣẹlẹ̀ ní Olúpọ̀nnà. Bàbá Àlàní, àgbẹ̀ kan báyìí, ni Bánjí àti Àkànbí ń kan òrùlé ilé wọn kí òjò tó dé. Wọ́n ti kan apá kan tán ní Sátidé. Àárọ̀ Mọ́ńdè, Bánjí gun ọ̀kadà, ó dá lọ. Nígbà tí bàbá náà máa fi ti oko dé, Bánjí ti ń tú páànù tó ti kàn. Àwọn páànù náà kò bàjẹ́ o. Ó ń yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń kó ìṣó sínú agolo. Bàbá náà rò pé ó rí àṣìṣe kan tó fẹ́ tún ṣe, wọ́n tilẹ̀ gbé omi fún un. Ìgbà tí wọ́n bi í ló sọ pé ẹnì kan wà lábẹ́ páànù náà tí kò rí èémí mí, pé òun gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ kí ẹni náà tó kú.

Àkànbí ló pè mí. Mo fi kíláàsì mi sílẹ̀ fún olùkọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti pọ̀, fóònù ti wà lókè, Bánjí sì wà ní góńgó òrùlé, ó ń rìn lórí igi kan tí kò nípọn ju apá mi lọ. Mo pè é, kò wo ibi tí mo wà. Àkànbí fẹ́ gun òkè lọ bá a, Bánjí sún sẹ́yìn, a sì ní kí Àkànbí sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé mo máa rí òkú àbúrò mi lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Àlàní ló mú un sọ̀kalẹ̀. Wọn kò pariwo, wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí kò rí èrò kankan, wọ́n ní, "Káfíńtà, ilẹ̀kùn ńkọ́? Wá bá mi wọ̀n ọ́n, mo fẹ́ lọ ra igi."

Bánjí dúró. Ó wò wọ́n. Ó wá sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó yọ tépù ìwọ̀n rẹ̀ lápò, ó wọn ilẹ̀kùn náà lóòró àti níbùú, ó sì pe ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn. Àkànbí fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, a sì jọ wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ìwó.

Nílé, ìjà tó le jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Màmá ní òkè àdúrà ni kí a gbé e lọ, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Àṣé kì í ṣe pé wọn kò gbà pé àìsàn náà ti padà. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ẹ̀rí yẹn. Wọ́n ní bí àwọn èèyàn bá rí Bánjí ní ilé ìwòsàn, a ti purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, lójú ìjọ àti lójú àna. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn máa dìde lọ́jọ́ Ìsinmi lọ gba ẹ̀rí náà padà. Mo ti ń bá wọn jà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, àánú wọn ṣe mí.

Pásítọ̀ Àyànbádéjọ dé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kì í bá ṣe orí àga ìwàásù, níbi tí wọn kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó ti Màmá, wọ́n gbọ́ tiwọn tán, wọ́n wá ní, "Màmá, ẹ̀rí yín kì í ṣe irọ́. Ara ọmọ yín dá lóòótọ́. Ohun tí Ọlọ́run fi mú un dá ni ẹ sọ nù."

Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò Pásítọ̀ ló gbé wa lọ.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, kò lè ju èmi àti ìwọ lọ lọ́jọ́ orí. Mo rò pé ó máa bá wa wí, mo sì ti múra sílẹ̀ láti dákẹ́. Kò bá wa wí. Ó bi Màmá pé kí ló dé tí Bánjí fi dá oògùn dúró, Màmá sì sọ ọ́ bó ṣe rí, látorí ìkórè títí dé ṣáláńgá. Dókítà náà wá bi wọ́n pé ṣé àwọn náà ń lo oògùn kan. Màmá ní àwọn ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti pẹ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti dúpẹ́ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀. Màmá ní lọ́dọọdún ni, lọ́jọ́ ìbí àwọn.

Ó ní, "Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ńkọ́, mà? Ṣé ẹ máa ń da tiyín náà nù?"

 Màmá wo báàgì tó wà lórí itan wọn, oògùn náà sì wà nínú rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n."

Wọ́n gba Bánjí sí wọ́ọ̀dù. Màmá kò kúrò níbẹ̀. Mò ń lọ lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, mò ń gbé oúnjẹ lọ, díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń padà di ojú Bánjí. Nígbà tó ti lè sọ̀rọ̀ dáadáa, dókítà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ wa, bóyá ohun kan wà nínú oògùn àkọ́kọ́ náà tí kò bá a lára mu. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Bánjí na ọwọ́ rẹ̀ jáde. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, dókítà," ló wí. "Ìka ara mi ni mò ń lù dípò ìṣó. Nígbà tí Màmá dà á nù, inú mi dùn."

Tinú, ọmọ yìí ń fara dà á láti ìgbà yẹn! A rí ìka tó wú, a rí báńdéèjì, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé káfíńtà tí kò mọ òòlù dì mú. Kò sọ fún wa, nítorí ó rò pé a máa ní ó ń kùn sí oògùn. Kò sọ fún dókítà, nítorí ó rò pé bí oògùn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Dókítà ní ká ní ó sọ ọ́ ni, àwọn ì bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí àwọn dín in kù. Ó ní kó má fara dà á, kó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀; kó wá sọ fún àwọn. Ó pààrọ̀ oògùn náà fún un lóòótọ́. Mo ti wo ọwọ́ Bánjí láti ìgbà yẹn. Ó dúró gírígírí.

Mo bi dókítà ohun tí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà máa bi mí, pé títí di ìgbà wo. Kò tàn mí. Ó ní ó lè pẹ́, ó lè tó ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní bí ìgbà àtidín in kù bá tó, àwọn àti Bánjí ni wọ́n jọ máa sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì máa ṣe é, ojú àwọn á wà lára rẹ̀. Ó tún ní ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, tó gbéyàwó, tó bímọ. Ó kàn ní àwọn kò lè ṣèlérí pé àìsàn náà kò ní padà mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nínú rẹ̀.

Ó ti lé lóṣù kan báyìí tí Bánjí ti wà nílé. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ní kó má tíì gun òrùlé, nítorí náà, ilẹ̀kùn àti àga ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n lọ parí òrùlé Bàbá Àlàní, ilẹ̀ ló dúró sí tó ń pe ìwọ̀n fún Àkànbí, Àkànbí sì ń ṣàròyé pé ọ̀gá ilẹ̀ ló le jù láyé.

Ó ku ti Màmá tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bánjí kọ́kọ́ jí nílé, a kórin tán, a gbàdúrà tán, a sì ń dìde lọ bí a ṣe máa ń ṣe. Màmá ní kí a jókòó. Wọ́n gbé àwo pẹrẹsẹ kan wá pẹ̀lú ife omi méjì. Oògùn tiwọn wà lápá kan, ti Bánjí wà lápá kejì. Wọ́n gbé tiwọn mì, wọ́n ti àwo náà sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà gbé tirẹ̀ mì. Wọ́n wá ní, "Ó yá, ẹ ṣe Àmín." Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Pásítọ̀ bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bá wa ṣe Àmín.

Bá mi kí Bàbá Ayọ̀nitèmi, kí o sì sọ fún wọn pé epo tí wọ́n béèrè wà ní ọwọ́ Mọ́láyọ̀. Bá mi kí ìyá rẹ tí o bá bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá ní kí n kí gbogbo yín. Ojú ń tì wọ́n díẹ̀ láti pe ìwọ, nítorí náà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ pè wọ́n.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé nígbà tí Bánjí wọlé. Mo ní kó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ní àṣìṣe kan ló wà nínú rẹ̀: òun ra igi ní Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan rí.  Ó wá ní kí n bá òun fi kún un fún Ẹyinjú pé Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni ọjọ́ tí dókítà dá fún òun. Bí ó bá fẹ́, kó wá bá òun lọ, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bi dókítà ní ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bí kò bá sì wá, òun kò ní bínú, òun máa dá lọ. Ó ní kí n kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, kó hàn: bó wá, bí kò wá, òun máa lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Fọládé.